Bí ẹ ṣe lè fi ewé gidi rọ́pò ewé ike nínú tánkì ẹja yín: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹja tí mò ń sọ níbí kì í ṣe ẹja àrọ̀ téèyàn ń sìn láti tà o, ẹja wíwò ni, àwọn kéékèèké aláwọ̀ mèremère tó máa ń wà nínú gíláàsì ní pálọ̀. A pọ̀ tá à ń sìn ín ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àtàwọn ọmọ LAUTECH tó ń gbé Under G, àtàwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tó fẹ́ nǹkan tí wọ́n á máa wò nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ilé tí mo bá wọ̀, ewé ike pupa, ewé ike búlúù ni mo máa ń bá nínú omi. Mo fẹ́ kó yí padà. Ewé gidi ò le bí wọ́n ṣe ń sọ, owó ẹ̀ ò sì tó bí ẹ ṣe rò. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù rèé.

Ẹ̀gbọ́n, kí ni ike ṣe gan-an tí ẹ fi ní ká yọ ọ́?

Ike ò ṣe nǹkan kan, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ó kàn dúró síbẹ̀ ni. Ẹja ń jẹun, ó ń yàgbẹ́, oúnjẹ tí ò jẹ tán ń jẹrà nísàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń di ammonia, ammonia yìí ló sì ń pa ẹja jù nínú tánkì tuntun, tí èèyàn á jí láàárọ̀ tá á rí ẹja mẹ́ta tó ti léfòó tá á máa rò pé ẹlòmíì ló fojú burúkú wò ó. Àwọn kòkòrò tójú ò lè rí tó ń gbé inú fíltà tó ń sẹ́ omi àti ara òkúta ló ń sọ ammonia yẹn di nitrite, wọ́n á tún sọ nitrite di nitrate tí ò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ewé tó ń hù máa ń fa ammonia yẹn mu fúnra ẹ̀, ó ń fa nitrate náà mu, torí oúnjẹ ẹ̀ ni. Tí ìmọ́lẹ̀ bá wà ó tún máa ń tú ọ́síjìn sínú omi. Ọmọ ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí á rí ibi sá sí tí àwọn àgbà ò fi ní gbé e mì.

Ike olówó pọ́ọ́kú ń ṣe jàǹbá nígbà míì. Etí ẹ̀ máa ń mú, ó ń ya ìyẹ́ àwọn ẹja bíi betta àti goldfish, òmíràn ní wáyà nínú tó máa ń dógùn-ún, òmíràn sì ni ọ̀dà ara ẹ̀ á máa bó díẹ̀díẹ̀ sínú omi.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná náà o. Láti 1850 ni Robert Warington, onímọ̀ kẹ́místrì kan ní London, ti kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe kó goldfish, ewé Vallisneria àti ìgbín omi sójú kan, tí ewé ń fọ omi fún ẹja, tí ìgbín ń jẹ ewé tó ti kú. Fíltà oníná ò tíì sí nígbà yẹn.

Ewé wo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Anubias. Tó bá jẹ́ orúkọ kan péré lẹ máa rántí, ẹ rántí ìyẹn.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé ọmọ ilẹ̀ wa ni. Ìwọ̀ Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ló ti wá, èyí tí wọ́n ń pè ní Anubias barteri máa ń hù létí odò nínú igbó lápá Gúúsù Ìlà Oòrùn Nàìjíríà títí wọ Cameroon, á lẹ̀ mọ́ ara àpáta, igi ńlá á ṣíji bò ó, omi á máa ya lù ú. Ẹ wá rí i pé ewé tó mọ́ ọn lára láti gbé nínú òjìji ò ní bínú pé bọ́ọ̀bù iná yín ò lágbára. Ẹbí kan náà lòun àti kókò tá à ń jẹ. Kókò tútù tó máa ń yún èèyàn lọ́fun yẹn, ohun tó ń fà á wà lára Anubias náà, ewé ẹ̀ sì tún yi, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹja á tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi í sílẹ̀.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń pa á ni ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín. Ẹ wo ìdí ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí nǹkan kan tó nà gbọọrọ, tó nípọn, tó rí bí atalẹ̀, ewé ń jáde lórí ẹ̀, gbòǹgbò ń jáde nísàlẹ̀. Ohun tó dà bí atalẹ̀ yẹn ò gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ o! Tẹ́ ẹ bá ti bò ó mọ́ yanrìn, ó máa jẹrà, á rọ̀, á máa rùn, gbogbo ewé á sì já. Ẹ fi òwú dúdú so ó mọ́ òkúta tàbí igi, tàbí kí ẹ kán súpágúlù díẹ̀ sí òkúta kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, súpágúlù tó ti gbẹ ò ṣe ẹja ní nǹkan kan. Gbòǹgbò ẹ̀ á fúnra ẹ̀ di òkúta mú tó bá yá, ẹ lè wá gé òwú kúrò.

Kì í yára hù, ẹ ní sùúrù fún un. Ewé kan lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó jáde. Á kọ́kọ́ yọ ṣóńṣó, á ká jọ, àwọ̀ ẹ̀ á mọ́lẹ̀ ju ti àwọn ìyókù lọ, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án á ṣì rọ̀ bí ìwé tó tutù, tó bá yá á ṣí, á le, á wá dúdú minimini. Èmi ò rí nǹkan tó dùn mọ́ni nínú ìsìn ẹja tó ìyẹn.

Lẹ́yìn Anubias ńkọ́?

Java fern, bákan náà lẹ máa so ó mọ́ òkúta, ọmọ kéékèèké á sì máa hù létí ewé ẹ̀ fúnra ẹ̀. Java moss dára fún ọmọ guppy, ẹja wíwò kékeré kan, láti sá sí. Hornwort ò tiẹ̀ ní gbòǹgbò rárá, ẹ kàn jù ú sómi kó máa léfòó, ó ń yára hù, ó sì ń fa ìdọ̀tí mu gan-an, tánkì tuntun ò gbọ́dọ̀ ṣaláì ní in tó bá jẹ́ tèmi. Vallisneria gùn, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń ta ìtàkùn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun lẹ máa gbìn sẹ́yìn. Amazon sword dára ṣùgbọ́n ó tóbi, ó sì lájẹẹ̀jẹtán, ẹ má gbìn ín sínú tánkì kékeré.

Òṣíbàtà náà wà níbẹ̀ o. Èyí tí àwọn òyìnbó tó ń sìn ẹja ń pè ní tiger lotus, òṣíbàtà tiwa náà ni, Nymphaea lotus. Tí ẹ bá ń já ewé ẹ̀ tó fẹ́ lọ sójú omi, á máa hu ewé sísàlẹ̀, òmíràn á pupa dáadáa.

Ṣé kí n yọ gbogbo ike lẹ́ẹ̀kan náà kí n sì gbin gidi sí i?

Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn kòkòrò tó ń fọ omi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ara gbogbo nǹkan tó wà nínú omi ni wọ́n ń gbé, àti ara ike náà. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ike lọ lọ́jọ́ kan, tẹ́ ẹ fọ òkúta, tẹ́ ẹ tún fọ fíltà lábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ ti pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹja á wá máa mu májèlé títí tí wọ́n á fi padà pọ̀ sí i.

Bí mo ṣe ń ní kí wọ́n ṣe é ni pé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ẹ kó hornwort àti Anubias wọlé, ẹ má yọ nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ kejì ẹ yọ ìdá mẹ́rin ike náà, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ẹ yọ òmíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí oṣù kan á fi kọjá. Ẹ máa pààrọ̀ omi bí ìdá mẹ́rin lọ́sẹ̀. Fíltà, inú omi tí ẹ gbọ́n kúrò nínú tánkì yẹn náà ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́, ẹ má lo omi ẹ̀rọ. Ẹja tó ń sá pamọ́ sábẹ́ ike tẹ́lẹ̀ náà ò ní dédé rí ara ẹ̀ níta gbangba, torí ìdààmú nìyẹn fún un.

Iná ò sí, báwo ni ewé ṣe fẹ́ hù?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù, mo sì mọ̀ pé òun ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ jẹ́ n dáhùn ẹ̀ dáadáa.

Lákọ̀ọ́kọ́, ewé ò nílò iná ní gbogbo ọjọ́. Wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó, kódà tó bá ti ju mẹ́wàá lọ, wàhálà lẹ̀ ń pè wá. Ìkejì, bọ́ọ̀bù LED lásán tí wọ́n ń tà lọ́jà, 9W tàbí 12W, ti tó fún Anubias àti Java fern nínú tánkì kékeré. Ẹ wo ara páálí ẹ̀, ẹ mú èyí tí wọ́n kọ 6500K sí, ìyẹn iná funfun bí ojúmọ́, ẹ má mú aláwọ̀ yẹ́lò. Bọ́ọ̀bù tó ń gba iná pamọ́ náà dára, tí iná bá lọ á ṣì máa tàn.

Ìkẹta tó ṣe pàtàkì jù, ojú fèrèsé. Oòrùn tiwa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí pọ̀. Tí tánkì bá wà nítòsí fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń wọlé ṣùgbọ́n tí oòrùn fúnra ẹ̀ ò ràn sí gíláàsì tààrà, ewé tí ò le á hù níbẹ̀ láìsí bọ́ọ̀bù rárá. Tí oòrùn bá ràn sí i tààrà, omi á gbóná, á sì di àwọ̀ ewé, nítorí náà ẹ ta kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i.

Tí iná ò bá sí fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, Anubias ò ní kú. Ohun tí mi ò fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí iná dé kí ẹ wá tàn án láti àárọ̀ di ọ̀gànjọ́ pé ẹ fẹ́ san gbèsè ọjọ́ tí ò sí. Ewé ò ní jẹ ẹ́, èérí aláwọ̀ ewé (algae) ló máa jẹ ẹ́.

Iyanrìn wo ni kí n lò?

Iyanrìn odò tí wọ́n fi ń kọ́lé dára, àmọ́ èyí tí sìmẹ́ǹtì ò tíì kàn. Ẹ fọ̀ ọ́ nínú korobá, ẹ da omi ẹ̀ nù, ẹ tún fọ̀ ọ́, títí omi á fi mọ́. Kó jìn tó bíi 5cm sí 7cm fún ewé tó ń ta gbòǹgbò wọlẹ̀.

Òkúta, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sí i lórí. Tó bá ń hó, ẹfun wà nínú ẹ̀, á máa sọ omi di líle, ẹ fi í sílẹ̀. Òkúta akọ tó pọ̀ láyìíká wa kì í hó.

Wọ́n ní yangí dára fún ewé, ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, nǹkan tó wà lẹ́yìnkùlé wa ni! Àwọn tó ń sìn ewé omi lókè òkun ń fi owó ra ilẹ̀ pupa bíi ti wa, torí irin tó wà nínú ẹ̀, ewé sì nílò irin kó lè ní àwọ̀. Ẹ gba yangí tó mọ́, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tí wọ́n ti fín oògùn apakòkòrò tàbí ibi tí wọ́n ti da ìgbẹ́ adìyẹ sí. Ẹ gún un wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ máa da omi pupa orí ẹ̀ nù títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ tánkì ní bíi 2cm, ẹ wá fi iyanrìn tó tó 5cm bò ó. Nígbà tí tánkì ṣì ṣófo lẹ ti máa ṣe èyí o, ẹ má gbìyànjú ẹ̀ tí ẹja bá ti wà nínú ẹ̀, gbogbo omi á pupa fòò. Tẹ́ ẹ bá sì fa ewé tu lójijì lẹ́yìn náà, á tún bàjẹ́, ẹ gé e nídìí ni.

Tó bá jẹ́ Anubias àti Java fern nìkan lẹ ní, ẹ má ṣe wàhálà yangí, wọn ò ní lò ó.

Omi kànga ni mò ń lò. Àbùkù wà ńbẹ̀?

Kò sí. Ẹ kàn pọn ọ́n kalẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ìdọ̀tí wọlẹ̀ kí ooru ẹ̀ sì bá ti ilé dọ́gba. Omi bọ́ọ̀hóòlù náà, ẹ jẹ́ kó sùn, torí òmíràn kì í ní ọ́síjìn tó bó ṣe ń jáde bọ̀. Omi ẹ̀rọ ìjọba tó ń rùn bíi bílíìṣì, ẹ ṣí korobá sílẹ̀ fún wákàtí 24. Omi òjò dára ṣùgbọ́n ó ti rọ̀ jù, ẹ lú u mọ́ omi kànga, ẹ má sì gbe òjò àkọ́rọ̀ tó fọ páànù.

Mo ní NPK tó ṣẹ́kù nínú oko, ṣé mo lè bù ú sí i?

Ẹ má dán an wò!! NPK 15-15-15 tí wọ́n ń fi sí àgbàdo, ammonia wà nínú ẹ̀, síbí kan lè pa gbogbo ẹja inú tánkì. Yúríà náà ńkọ́, ẹ gbé e jìnnà. Ìgbẹ́ ẹja yín ni ajílẹ̀ àkọ́kọ́, fún ewé tí ò le ó ti tó.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ebi ń pa ewé, ẹ wò ó lára ẹ̀. Tí ewé tuntun tó ń yọ bá funfun tàbí pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, irin ni ò tó. Tí ewé àgbà bá ń lu ihò tíntìn-tín, pọtáṣíọ̀mù ni. Tí ewé àgbà bá pọ́n tó ń já tí tuntun sì dára, nítrójìn ni, ìyẹn ò wọ́pọ̀ nínú tánkì tí ẹja pọ̀ sí. Ajílẹ̀ olómi tí wọ́n ṣe fún ewé inú tánkì wà, ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Mo gbin ewé, láàárín ọ̀sẹ̀ kan gbogbo ẹ̀ ń jẹrà. Mo ti pa á nìyẹn?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì pa á. Ọ̀pọ̀ ewé tí wọ́n ń tà, òkè omi ni wọ́n ti gbìn ín, gbòǹgbò nínú omi, ewé nínú afẹ́fẹ́. Tí ẹ bá wá rì í, ewé tó hù nínú afẹ́fẹ́ ò mọ bí wọ́n ṣe ń mí nínú omi, á jẹrà, ewé tuntun tó mọ inú omi á wá hù rọ́pò ẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ẹ gé èyí tó ti jẹrà kúrò kó má ba omi jẹ́, ẹ fọwọ́ tẹ ìdí ẹ̀ wò, tó bá ṣì le, ó wà láàyè. Ewé kan tó ń jẹ́ Cryptocoryne ló burú jù nínú èyí, tẹ́ ẹ bá ṣáà ti ṣí i nípò báyìí á da gbogbo ewé ẹ̀ sílẹ̀, á sì tún hù. Ẹ má fà á tu pé ẹ fẹ́ wo gbòǹgbò.

Èérí aláwọ̀ ewé ti bo gíláàsì àti ewé. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ìmọ́lẹ̀ àti oúnjẹ ló pọ̀ ju ohun tí ewé yín lè lò lọ. Ẹ dín iná kù sí wákàtí mẹ́fà. Ẹ dín oúnjẹ ẹja kù, ohun tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì ni kí ẹ fún wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn ń fún ẹja lóúnjẹ bí ẹni ń bọ́ àlejò. Ẹ fi kànìnkànìn tuntun tí ọṣẹ ò tíì kàn nu gíláàsì, ẹ pààrọ̀ omi ìdá mẹ́rin, ẹ wá fi hornwort kún un kó máa bá a du oúnjẹ. Tó bá jẹ́ omi fúnra ẹ̀ ló di àwọ̀ ewé bí ọbẹ̀ ewédú, ẹ fi aṣọ bo tánkì fún ọjọ́ mẹ́ta láìsí ìmọ́lẹ̀ rárá, kí ẹ pààrọ̀ omi lẹ́yìn ẹ̀. Omi yẹn ò pa ẹja lára, ojú ló kàn ń dùn wá.

Mo rí ojúoró lórí omi lọ́nà oko, ṣé mo lè mú un?

Ojúoró tá a máa ń fi ṣàdúrà pé òun ló ń lékè omi yẹn, ewé tánkì tó dára gan-an ni. Gbòǹgbò ẹ̀ máa ń rọ̀ sílẹ̀ bí irun, ọmọ guppy á wọ inú ẹ̀, ó ń ṣíji bo Anubias kí èérí má lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ń fa ìdọ̀tí mu. Ẹ má jẹ́ kó bo ju ìdajì ojú omi lọ, kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa lórí bí ẹ ṣe máa mú un. Ẹ má fẹsẹ̀ lásán wọ adágún omi tàbí etí dáàmù nítorí ewé. Ìgbín kan wà nínú omi tó dúró sójú kan tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, kòkòrò yẹn ń gba awọ ara wọlé, òun ló ń mú kí ọmọdé máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi igi gígùn fà á wá sẹ́bàá, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ má mú níbi tí omi oko tí wọ́n fín oògùn sí ń ṣàn sí.

Tó bá délé, kò gbọdọ̀ wọ tánkì lọ́jọ́ yẹn. Ẹ tú gbòǹgbò ẹ̀ wò lábẹ́ omi, ẹ máa rí ẹyin ìgbín tó dà bí góòmù, ẹ lè rí eṣúṣú, ẹ lè rí ọmọ lámilámi tó ń gbé inú omi, ìyẹn ló burú jù torí ó ń mú ọmọ ẹja jẹ. Ẹ yọ́ álọ́ọ̀mù, síbí kan nínú gálọ́ọ̀nù omi, ẹ rẹ ewé náà sí i di ọjọ́ kejì, ẹ ṣan án, ẹ wá fi sínú korobá lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Korobá yẹn ò ní kó ẹ̀fọn bá wa?

Ó lè kó o, torí ẹja ò sí níbẹ̀ láti jẹ tanwíjí. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Nínú tánkì gan-an, tanwíjí kankan ò lè yè lójú guppy.

Ẹja wo ló bá ewé mu?

Guppy, platy, molly, tetra, betta, angelfish. Èyí tí mo máa fẹ́ kí ẹ wá rí ni kribensis, Pelvicachromis pulcher, odò gúúsù Nàìjíríà wa níbí ló ti wá, àwọn èèyàn ní Jámánì àti Amẹ́ríkà ń sìn ín, ọ̀pọ̀ wa ò sì mọ̀ ọ́n. Tí abo ẹ̀ bá fẹ́ yé ẹyin, ikùn ẹ̀ á pupa bí ẹní fi osùn kùn ún. Á wa ilẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ òkúta, ṣùgbọ́n ewé tẹ́ ẹ so mọ́ òkúta ò ní ṣí.

Tilápíà, àrọ̀, Oscar, ẹ gbàgbé ewé, wọ́n á tu gbogbo ẹ̀ lóru. Goldfish á jẹ ewé tó bá rọ̀, àmọ́ Anubias lè bá a gbé.

Ìṣáwùrù kéékèèké ti kún tánkì mi látìgbà tí mo ra ewé.

Wọ́n bá ewé wá ni, bóyá gẹ́gẹ́ bí ẹyin. Wọn kì í ṣe ọ̀tá, ewé tó ti kú àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń jẹ. Tí wọ́n bá pọ̀ jù, oúnjẹ tí ẹ ń dà sílẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ fi ewé ẹ̀fọ́ tẹ́tẹ̀ kan sísàlẹ̀ lálẹ́, wọ́n á gun ún, ẹ yọ ọ́ láàárọ̀ tòun tiwọn. Ẹ má ra oògùn apagbín, bàbà (copper) tó wà nínú ẹ̀ lè ba ewé àti edé jẹ́.

Ẹja mi ń gbé ẹnu sójú omi ní ìdájí, àmọ́ kò sí nǹkan tó ń ṣe wọ́n lọ́sàn-án.

Ewé ń tú ọ́síjìn jáde tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, àmọ́ lóru òun náà ń mí, ọ́síjìn kan náà ló ń fà mu pẹ̀lú ẹja. Ìdájí ló máa ń kéré jù. Tí iná bá wá lọ tí pọ́ǹpù dúró, tí ẹja pọ̀, tí ojúoró sì bo gbogbo ojú omi pa, wàhálà dé nìyẹn. Ẹ kó lára ojúoró kúrò, ẹ dín ẹja kù, ẹ wá ẹ́ẹ̀pọ́ǹpù (èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi) tó ń lo bátìrì. Lójú ẹsẹ̀, ẹ fi kọ́ọ̀bù bu omi tánkì kí ẹ máa dà á padà láti òkè, ó ń ran wọ́n lọ́wọ́ gan-an.

Ooru oṣù kẹta náà ń dá kún un, torí omi tó gbóná kì í di ọ́síjìn mú tó omi tútù. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ kọ fáànù sójú omi. Lásìkò ọyẹ́, òru máa ń tutù, àmọ́ ewé tí mo dárúkọ wọ̀nyí lè gbà á, ẹ kàn má gbé tánkì sójú ibi tí atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ gba fèrèsé wọlé.

Ṣé dandan ni kí n máa fi gáàsì CO2 (carbon dioxide) sínú omi fún ewé?

Fún ewé tí mo kà sílẹ̀, rárá. Èyí tí ẹja ń mí jáde ti tó.

Níbo lẹ ti ń rà á?

Àwọn tó ń ta ẹja wíwò ní Ìbàdàn àti Èkó ni wọ́n ní in jù, wọ́n á fi ránṣẹ́ ní wébílù. Ẹ ní kí wọ́n má rọ omi sí i, ìwé ìròyìn tó tutù ni kí wọ́n fi wé e, kí wọ́n wá dì í sínú náílọ́ọ̀nù, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta láìsí wàhálà. Kí ẹ sì ti dúró de ọkọ̀ ní gáréèjì kó tó dé, torí ewé tó bá jókòó sínú búùtù nínú oòrùn ọ̀sán, ó ti sè. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ìdí ẹ̀, kì í ṣe ewé nìkan.

Ara ẹja kan ò yá, mo fẹ́ da iyọ̀ sí i.

Ẹ gbé ẹja yẹn sínú korobá lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti tọ́jú ẹ̀. Iyọ̀ tó pọ̀ á ba ewé bíi hornwort jẹ́. Ẹ lè fọ ọ̀kan nínú ike àtijọ́ yẹn sínú korobá kó rí ibi sá sí, ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ tí mo mọ̀ fún un.

Mo fẹ́ rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ pààrọ̀ omi kí ẹ tó lọ, ẹ máa lọ. Ẹja àgbà tí ara ẹ̀ dá lè gbààwẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, ewé náà á máa fọ omi. Ẹ má fi agolo oúnjẹ sílẹ̀ fún ọmọ ilé o, àánú á ṣe é, á da gbogbo ẹ̀ sí i.

Ewé ti pọ̀ jù nínú tánkì. Ṣé mo lè lọ dà á sódò Ọbà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é lójú yín. Ẹ wo ohun tí water hyacinth ṣe, ewé òdòdó àwọ̀ àlùkò yẹn tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ọdún 1984 ló gba apá Bàdágìrì wọ omi wa, kò pẹ́ tó fi bo ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi ò rọ́nà kọjá, àwọ̀n apẹja ń há, ẹja abẹ́ ẹ̀ ń kú torí ọ́síjìn ò sí. Títí di òní wọn ò tíì kápá ẹ̀. Odò Ọbà ni dáàmù tó ń fún ìlú wa lómi wà lórí ẹ̀, àwọn apẹja sì ń jẹun níbẹ̀. Kódà omi tí ẹ gbọ́n kúrò nínú tánkì, ẹ má dà á sí gọ́tà tó ń ṣàn lọ sódò, torí ẹ̀ka ewé kékeré kan ti tó kó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ata lẹ́yìnkùlé, ó kún fún nitrate, ẹ ó rí bí ata náà ṣe máa tutù yọ̀yọ̀. Ewé tó pọ̀ jù, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó jù ú sórí ààtàn, tàbí kí ẹ fún ẹni tó ṣì ń lo ike.